Orúkọ Àwọn Tó Ń Dáwó fún Ìròyìn Wa

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Mo ń ka ìròyìn kan lójú kọ̀ǹpútà, nípa gọ́tà tó dí, nígbà tí Màmá Chinedu wọlé sí ọ́fíìsì wa láìkan ilẹ̀kùn. Màmá Chinedu ń ta okùn àti tápólì tí àwọn awakọ̀ tírélà fi ń bo ẹrù, lójú ọ̀nà Liverpool ní Àpápá. Aláriwo obìnrin ni. Bó bá ń bọ̀, ohùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Lọ́jọ́ yẹn, kò sọ nǹkan kan. Ó jókòó, ó yọ bébà kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin nínú báàgì rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ síwájú mi.

Ojú ewé kan láti orí ìkànnì ìròyìn wa ni, tí ẹnìkan ti tẹ̀ jáde sórí bébà. Orúkọ àwọn tó ń fi owó ara wọn ràn wá lọ́wọ́ lóṣooṣù ló wà níbẹ̀: orúkọ, iṣẹ́, àdúgbò. Wọ́n ti fi bírò pupa sàmì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ mẹ́ta àkọ́kọ́. Orúkọ Màmá Chinedu ni ìkẹta.

"Ta ló fún yín ní èyí?"

"Ọkùnrin kan ló mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Kò bínú o, Àǹtí. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní, 'Màmá, ẹ bá mi wo orúkọ yín níbí, ṣé ẹ̀yin nìyí?' Mo ní èmi ni. Ó ní, 'Ó dáa, ẹ ṣeun.' Ó sì sàmì sí i. Ó fi èyí sílẹ̀ fún mi, ó ní òmíràn wà lọ́wọ́ òun."

"Àwọn méjì tó ṣáájú yín ńkọ́?"

"Ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ní láti òkè lòun ti ń bọ̀, pé díẹ̀díẹ̀ lòun á fi dé ìsàlẹ̀."

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìròyìn nígbà yẹn. Wọ́n ti halẹ̀ mọ́ mi rí, wọ́n sì ti já fóònù gbà lọ́wọ́ mi rí. Mo máa ń fara dà á, torí pé èmi ni wọ́n ń ṣe é sí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo àmì pupa mẹ́ta yẹn, mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bọ̀ wá bá. Ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ràn wa ni wọ́n ń lọ. Èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi to orúkọ wọn, tí mo kọ àdúgbò tì í, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì wọ́n mọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń béèrè bóyá iṣẹ́ yìí dára láti ṣe, ẹ ní kí n sọ bí mo ṣe ṣe tèmi. Màá sọ ọ́. Àmọ́ orúkọ tí mo bá pe ènìyàn nínú ìtàn yìí kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. N kò sì ní dárúkọ ìkànnì wa. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

Àjégúnlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń ru ẹrù ní èbúté, ìyá mi ń ránṣọ. Nígbà tí mo parí ilé-ìwé girama, kò sí owó láti tẹ̀ síwájú. Ọ̀gá Akínlabí, tó ń ṣe ìwé ìròyìn kan ládùúgbò wa, ń wá ẹni tó lè kọ̀wé tó ṣeé kà, ọ̀nà tí mo gbà débẹ̀ nìyẹn. Owó tí wọ́n ń san kò tó nǹkan lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sì tó nǹkan lọ́jọ́ tí mo kúrò. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìwé ìròyìn tí Ọ̀gá ń ṣe kò ju ojú ewé mẹ́rin lọ. Ó ń jáde ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ọ̀rọ̀ Àjégúnlẹ̀ àti Àpápá nìkan ló sì ń wà nínú rẹ̀: ẹni tó kú, ẹni tó sọnù, ibi tí iná ti jó, ibi tí omi ti wọlé. A máa ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lu ọ̀rọ̀ sára bébà fẹ́lẹ́ kan tí a ń pè ní sítẹ́ńsì. Bí o bá ṣi lẹ́tà kan lù, o ní láti kun ún, kí o dúró kó gbẹ, kí o tún un lù. Lẹ́yìn náà ni a óò wé e mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, tadáwà á máa ro sílẹ̀, bébà á máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún ọdún mẹ́fà, èékánná mi kò funfun rí. Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń bi mí pé ṣé mẹkáníìkì ni mò ń kọ́.

Ọjọ́ kìíní tí mo kọ ìròyìn, mo kọ ọ́ pé wọ́n ní omi ti wọ ilé lẹ́yìn ọjà. Ọ̀gá fi ìka méjì gbé bébà náà sókè bí ẹni tó gbé ẹja tó ti jẹrà.

"Wọ́n ní. Ta ni Wọ́n?"

"Àwọn ará àdúgbò ni, sà."

"Ṣé orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n nìyẹn? Ará Àdúgbò?"

"Rárá, sà."

"Padà lọ bá Wọ́n. Bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ wo ló ń ṣe, òpópónà wo ló ń gbé. Ìròyìn tí kò lórúkọ, òfófó ni."

Òjò ṣì ń rọ̀. Mo wọ́ omi padà lọ, ó dé orúnkún mi, mo sì béèrè orúkọ lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń fi ìkòkò gbọ́n omi jáde nínú yàrá rẹ̀. Ó wò mí bíi wèrè, àmọ́ ó sọ orúkọ rẹ̀.

Òfin kejì le jù ú lọ. Bí o bá máa kọ ohun tí kò dára nípa ènìyàn, o gbọ́dọ̀ lọ kà á sí i létí kí ìwé tó jáde. Ọ̀gá kò gbà kí a rán ẹnikẹ́ni, kò sì gbà kí a ju ìwé náà sábẹ́ ilẹ̀kùn. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá dúró níwájú rẹ̀ kà á. Mo ka ọ̀rọ̀ kan sí onílé kan létí rí, nípa ṣaláńgá rẹ̀ tó ń ṣàn wọ kànga. Ó da omi ìfọṣọ lé mi lórí. Bí mo ṣe wọlé tí omi ń kán lára mi, Ọ̀gá kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ṣé ó ní irọ́ ni?"

"Rárá, sà. Omi ló dà sí mi lára."

"Tẹ̀ ẹ́ jáde."

Mo kórìíra òfin náà nígbà yẹn. Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀ ni mo rí i pé ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí o ti wo ojú rẹ̀ rí, o kò ní lè kọ ìkọkúkọ nípa rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí Ọ̀gá ń ṣe tí kò yé mi. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fún un lówó lọ́fẹ̀ẹ́, ju iye tí ìwé ìròyìn ń jẹ́ lọ, kí iṣẹ́ náà má bàa kú. Kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀ níbì kankan. Mo rò pé àìmoore ni. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí a kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nínú ìwé. Ó ní, "Ẹni tó ń kàwé, fi í sílẹ̀ kó máa kàwé." Ká ní mo bi í lẹ́ẹ̀kejì ni, bóyá ì bá là mí lóye. N kò bi í. Ó kú, ìwé ìròyìn náà sì bá a lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo bá àwọn ìwé ìròyìn ńláńlá ṣiṣẹ́, mo ń fi ìròyìn èbúté ránṣẹ́ sí wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo máa ń wọkọ̀ gbé e lọ fún wọn. Nígbà tó yá, mo ń kà á fún wọn lórí fóònù, ẹnìkan á máa kọ ọ́ lódìkejì. Nígbà tó tún yá, fóònù kan náà ló ń ya àwòrán, òun ló ń kọ ọ̀rọ̀, òun ló ń fi í ránṣẹ́. Irinṣẹ́ ń yára sí i, àmọ́ àyè tí wọ́n ń fún Àjégúnlẹ̀ ń kéré sí i. Tí kì í bá ṣe pé ènìyàn pọ̀ tó kú, wọn kì í fẹ́ gbọ́.

Ebenezer ló là mí lójú. Ọmọ Delta ni àwọn òbí rẹ̀, àmọ́ Àjégúnlẹ̀ ló dàgbà sí. Ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó ti tó ẹni ogójì ọdún, ó láya, ó bímọ. Ó ń tún kọ̀ǹpútà mi ṣe lọ́jọ́ kan, ó sì ń ka àwọn ìròyìn mi tí àwọn ìwé ìròyìn kò lò.

"Madam, all this story, you just dey keep am for inside like garri?"

Mo rẹ́rìn-ín. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìkànnì wa ti bẹ̀rẹ̀. Òun ń bójú tó ẹ̀rọ, èmi ń bójú tó ọ̀rọ̀. Òpópónà tí tírélà ti dí, ẹ̀rọ iná tó jó, ilé-ìwé tí òrùlé rẹ̀ ṣí, gbogbo rẹ̀ là ń kọ, òfin Ọ̀gá méjèèjì sì ni mo ń tẹ̀ lé.

Owó ni kò sí. Ọlọ́jà kan fẹ́ gbé ìpolówó wá, ó sì tún fẹ́ kí a má kọ nípa ilé ìkẹ́rù rẹ̀. A dá owó rẹ̀ padà. Ebenezer ló mú ìmọ̀ràn wá pé kí a bẹ àwọn tó ń kà wá, kí wọ́n máa dá ohun tí agbára wọn bá ká lóṣooṣù, fínnúfíndọ̀. A kò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó san àti ẹni tí kò san, ìròyìn kan náà ni wọn yóò kà.

Ẹ ò rí ẹ̀sín tí wọ́n fi wá ṣe. Ọ̀kan ní, "Àǹtí Ìròyìn, ṣé ẹ ti dá ìjọ sílẹ̀ ni? Ìgbà wo ni ìsìn?" Awakọ̀ kan ní, "Mo ń sanwó fún dísẹ́ẹ̀lì, mo ń sanwó fún àgbèrò, kí n tún wá máa sanwó fún òótọ́?" Ó tọwọ́ bọ àpò. "Ó dáa, ẹ gba tèmi. Ó kéré tán, òótọ́ kò ní fọ́ gíláàsì mi."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀. Awakọ̀, fọganáísà, olùkọ́, àwọn tó ń ru ẹrù, pásítọ̀ kan, Màmá Chinedu. Mi ò lè sọ bí inú mi ṣe dùn tó. Owó náà kò pọ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó lè pè wá pé kí a yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.

Alhaji Múfútáù wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dáwó. Ajẹ́ńtì ni, ó ń bá àwọn ènìyàn gba ẹrù jáde ní èbúté Tin Can. Ó pè mí ní oṣù kẹta tó ti ń dáwó.

"Àǹtí Ìròyìn, mo fẹ́ bi yín léèrè. Tí mo bá gbé nǹkan kalẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí wa, wọ́n á pe orúkọ mi, wọ́n á ṣàdúà fún bàbá mi tó ti kú, gbogbo ènìyàn á ṣe àmín. Ẹ̀yin ti ń gba tèmi láti oṣù mẹ́ta, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣé mo jí owó náà ni?"

Ojú tì mí. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, a ṣí ojú ewé ọpẹ́. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì là ń gbé orúkọ jáde. Inú àwọn ènìyàn dùn, wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ará wọn ní abúlé. Àwọn tí kò dáwó rí bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó, torí pé wọ́n rí orúkọ aládùúgbò wọn.

Alhaji tún pè. "Àǹtí, Múfútáù tó ń ta bàtà ní Boundary ti ń gba oríyìn tèmi o! Gbogbo ènìyàn ló ń kí i. Ẹ bá mi kọ iṣẹ́ mi àti òpópónà mi tì í, ẹ jọ̀ọ́."

A kọ ọ́ tì í. Nígbà tí àwọn yòókù rí i, àwọn náà fẹ́ tiwọn bẹ́ẹ̀. Ebenezer nìkan ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

"Madam, name don do. Street na for wetin?"

"Kí àwọn ènìyàn lè mọ ẹni tó jẹ́ gan-an ni."

"Na that one I dey fear."

Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre. Lójú tèmi, orúkọ àti iṣẹ́ àti òpópónà, ohun tí Ọ̀gá kọ́ mi gan-an ni mò ń ṣe. Ẹnìkan péré ló ní òun kò fẹ́. Ìsàlẹ̀ ojú ewé la máa ń kọ ọ́ sí: "Ẹnìkan tó ní ká má dárúkọ òun."

Ìròyìn tó pa wá rèé. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń gbowó lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tírélà tó ti tò sí ọ̀nà èbúté fún ọjọ́ púpọ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí wọ́n gba inú àdúgbò kọjá síwájú. Òpópónà kan ní Àjégúnlẹ̀ ni wọ́n ń kó ọkọ̀ wọ̀nyẹn sí. Tírélà dí i láti orí dé ìdí. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan ń rọbí nínú òpópónà yẹn, ọkọ̀ kò lè wọlé gbé e. Ọkọ rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò fi àkéte gbé e gba ẹ̀gbẹ́ tírélà, wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn láàárín táyà àti ògiri. Mo wà níbẹ̀, mo bá wọn di igun àkéte kan mú. Nígbà tí a fi máa dé títì, ọmọ náà ti kú.

Ẹnìkan tó wà láàárín àwọn agbowó yẹn ló ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń pín òpópónà tà. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló dùn ún. Ẹni yìí gan-an ni ẹni tó ní ká má dárúkọ òun.

Mo kọ ìròyìn náà. Mo sì ṣe ohun tí Ọ̀gá kọ́ mi: mo gbé e lọ kà sí olórí wọn létí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí èbúté, ní ọ̀sán gangan. Alága ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó ń jẹ ẹ̀pà. Kò dá mi dúró títí mo fi kà á tán.

"Ẹ ka ti ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo tún un kà.

Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ rẹ̀. "N kò ní sọ pé irọ́ ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín. Olóṣèlú wo ló wà lẹ́yìn yín? Ta ló ń fún yín lówó?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo na ọrùn sókè. "Kò sí olóṣèlú kankan, sà. Àwọn ará àdúgbò ló ń dáwó fún wa. Ẹ wo orí ìkànnì wa, orúkọ wọn wà níbẹ̀ pátápátá."

Alága mi orí. "Ẹ̀n-ẹ́n," ló wí. Ó sì kí mi kú iṣẹ́.

Bí mo bá jí lówùúrọ̀ títí di òní, ohùn ara mi ni mo máa ń gbọ́. Orúkọ wọn wà níbẹ̀ pátápátá. Ìgbéraga ló ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo sì rò pé òótọ́ ni.

Ìròyìn jáde, ariwo ta, tírélà kúrò ní òpópónà náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni Màmá Chinedu wọlé pẹ̀lú bébà.

A yọ ojú ewé ọpẹ́ kúrò lọ́jọ́ yẹn gan-an, àmọ́ ẹyin tó ti fọ́ kò ṣeé kó. Èmi àti Ebenezer lọ bá Alága. Ọkùnrin tó ń fi bírò pupa sàmì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Alága ní ká jókòó.

"Àǹtí, èmi kò bá àwọn ènìyàn yín jà. Ẹni kan ṣoṣo ni mo ń wá." Ó fi ìka kan ìsàlẹ̀ bébà. "Ẹni tó ní ká má dárúkọ òun yìí. Ohun tí ẹ kọ, ẹni tó ń jẹun nínú abọ́ mi nìkan ló lè sọ ọ́ fún yín. Ẹ fún mi lórúkọ yẹn, màá ya bébà yìí níṣojú yín."

"Bí n kò bá mọ̀ ọ́n ńkọ́, sà?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n. Ojú yín kò lè purọ́. Títí di ọjọ́ Ẹtì o. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ óò máa gbọ́ nípa àwọn yòókù."

Ẹ ó bi mí pé ṣé n kò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo lọ. Wọ́n gbọ́ mi, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mo pe gbogbo àwọn tó wà lórí ìwé náà pé kí wọ́n ṣọ́ra. Kí lènìyàn fẹ́ fi ṣọ́ra, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú títì, tí gbogbo ayé sì mọ òpópónà rẹ̀?

Ọjọ́ Ẹtì dé. Ebenezer wò mí. "Madam, wetin we go do?" Bí mo bá sọ orúkọ yẹn, ẹni náà kò ní rí ọjọ́ Àìkú. Bí n kò bá sọ ọ́, n kò mọ ẹni tí yóò kàn. Mo jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò pe Alága.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n dúró de Alhaji Múfútáù ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Irin ni wọ́n lò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún dá sí ọ̀nà méjì. Wọn kò mú owó rẹ̀, wọn kò mú fóònù rẹ̀.

Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Irọ́ ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo rí ìka tí kò ṣẹ̀ tí wọ́n gé, èmi tí mo ṣẹ̀ ni mo ń kọ̀wé yìí.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyàwó rẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ kí n wọlé. Kò bú mi. Ó ń wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnìkan tẹ̀ lé mi. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ máa lọ. Bí wọ́n bá rí yín níbí ńkọ́?"

A ti ìkànnì náà pa. Ebenezer pa á fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú bàbá rẹ̀. Kò pè mí mọ́, n kò sì dá a lẹ́bi.

Mo rò pé bí a bá ti lè ti ìkànnì pa, wọ́n á fi wá sílẹ̀. Wọn kò fi wá sílẹ̀. Oníbírò yẹn máa ń kọjá níwájú ilé mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. "Àǹtí, orúkọ yẹn ńkọ́?" Bí ẹni béèrè iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò ló ṣe máa ń sọ ọ́. Fọganáísà kan tó wà lórí ìwé náà kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìjọra, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn míì pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi wà bẹ́ẹ̀. Mò ń bá àwọn ènìyàn tẹ lẹ́tà àti ìwé ìwáṣẹ́ láti jẹun. Bí ọkọ̀ bá dúró níwájú ilé, màá sáré pa iná. Ẹni tó ní ká má dárúkọ òun kò kàn sí mi mọ́, èmi náà kò kàn sí i. Tírélà ti padà sí òpópónà yẹn. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ lónìí, kò sí ẹni tó ń kọ ọ́.

Ṣé kí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí? Mo gbìyànjú láti rí ìdáhùn tó lè wú yín lórí, n kò rí i. Ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀. Bí àwọn ènìyàn bá fi owó ara wọn gbé yín ró, ẹ gbà á, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní kọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ bínú pé ẹ kò yìn wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bínú.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, Oníbírò yà wọlé, kò dúró síta bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ó wo ẹ̀rọ tí mo fi ń tẹ̀wé, ó fa àga, ó jókòó.

"Àǹtí, ọ̀rọ̀ yín ti parí o."

"Báwo ló ṣe parí?"

"Àwọn kan ti lé Alága kúrò. Mo bi ẹni tuntun pé kí la fẹ́ ṣe sí ọ̀rọ̀ Àǹtí Ìròyìn. Ó ní, 'Ta nìyẹn?'" Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ṣàlàyé títí. Ó ní òun ò mọ ìkànnì kankan, ká má fi àkókò ṣòfò. Ẹ máa sùn dáadáa."

Ó dìde, ó béèrè iye tí mo máa gbà bá ọmọ rẹ̀ tẹ ìwé ìwáṣẹ́. Mo sọ iye rẹ̀ fún un. Ó ní òun á rán an wá.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó wà lórí ìwé. Ọ̀pọ̀ nọ́ńbà kò lọ. Àwọn tó gbé e ní "ó dáa", wọ́n sì pa á. Màmá Chinedu ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má wá sí ṣọ́ọ̀bù o, Àǹtí. Ẹ má bínú." Alhaji ni mo fi sẹ́yìn, torí pé òun ni mo bẹ̀rù jù.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Alhaji. Àǹtí Ìròyìn. Wọ́n ní ó ti parí, sà. Wọn kò wá ẹnikẹ́ni mọ́."

"Alihamudulilahi." Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. "Wọ́n ní orúkọ kan ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ yín, kí wọ́n tó wá bá mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ kò sì sọ ọ́."

"N kò sọ ọ́."

"Ṣé ẹni náà wà láàyè?"

"Mo gbà pé ó wà láàyè, sà. N kò gbọ́ pé ohunkóhun ṣe é."

"Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó tún ní, "Àǹtí, mo fẹ́ bẹ̀ yín. Nọ́ńbà mi tó wà lórí fóònù yín, ẹ bá mi pa á rẹ́. Àti orúkọ mi."

"Mo ti gbọ́, sà."

"Ẹ ṣe é báyìí. Mo ń dúró."

Ó dúró. Mo yọ fóònù kúrò létí, mo wá orúkọ rẹ̀, mo pa á rẹ́, mo sì dá fóònù padà sétí.

"Mo ti pa á rẹ́, sà."

"Ẹ ṣeun," ni Alhaji wí. Ohùn rẹ̀ fúyẹ́, bí ohùn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá sọ ẹrù kalẹ̀ lórí.